Ẹni Ìsàlẹ̀ Ló Ni Ọ̀nà

Ní ọdún tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ wa kan fún wa ní òwe mẹ́wàá pé kí a lọ tú wọn palẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí gbogbo yín mọ̀ dáadáa: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara wọn. Kíá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti kọ tiwọn. Wọ́n ní òwe náà ń kọ́ wa pé kí oníkálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí a yé ṣe ìlara, pé àyè gba gbogbo wa láyé. Máàkì tó dára ni wọ́n gbà. Àwa kọ ọ́ pé òwe náà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́. Olùkọ́ fi gègé pupa kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé wa: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ kọ síbí, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìwé kò lè gbà á.

Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ ọ́ fún wa. Bàbá kan ni, ní Àpò, ní Àbújá, níbi tí àwọn òbí wa ti tọ́ wa dàgbà. Bàbá Sójà ni àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n. Yàrá méjì ni wọ́n gbà lẹ́yìn ilé tí a ń gbé. Ọmọ Ìkìrun ni wọ́n, ṣùgbọ́n òkè ọya ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn, Hausa ẹnu wọn sì dán ju Yorùbá lọ. Ẹsẹ̀ òsì wọn kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì àgbàlá, ìró bàtà wọn nìkan ti tó fún wa láti sá kúrò nídìí igi máńgòrò wọn.

Kí ẹni tí kò dé Àpò rí má baà ṣì wá gbọ́, Àpò kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń fò láti inú bàálù. Ohun tí ìlú mọ Àpò mọ́ ni abúlé àwọn mẹkáníìkì, níbi tí mọ́tò tó ti kú ti ń jí dìde, àti ilé àwọn aṣòfin. Àwọn Gbàgyí ló ni ilẹ̀ náà kí ìjọba tó sọ Àbújá di olú ìlú. Àwọn ni a bá níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin Gbàgyí kì í ru ẹrù sórí. Orí ní ọ̀wọ̀ lójú wọn. Èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé: igi ìdáná, ìkòkò omi, agbọ̀n iṣu. Ẹ lè fojú inú wò ó pé bí ìdì igi bá wà ní èjìká ọ̀tún, ojú kò ní í rí ọ̀tún mọ́. Ọjọ́ kan tí a ń sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìyá kan kọjá, igi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wa lójú. Ìyá wa ló fà wá sẹ́yìn. "Ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù wà," ni wọ́n wí. "Kò rí yín. Ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin ni kí ẹ yà." A tún aṣọ wa ṣe, a bá tiwa lọ. A kò mọ̀ pé a ó tún gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni a wà nígbà náà. Bí àyájọ́ òmìnira bá ti ń súnmọ́lé, tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú sì ń dánra wò, ariwo ọkọ̀ wọn a gba ojú sánmà Àbújá kan, orí páànù a máa gbọ̀n. A ó sáré jáde sí àgbàlá, a ó gbórí sókè, a ó máa kà wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ ara wọn tó ni inú wa ṣe ń dùn tó. Ẹ̀wà eré náà nìyẹn, bí ẹ bá rò ó dáadáa: kí irin méjì tó ń sáré kíkankíkan fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n má sì kan ara wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù náà, wọ́n kan ara wọn. Ọkọ̀ ogun òfuurufú F-7Ni méjì tó ń dánra wò fún àyájọ́ òmìnira ọdún kejìdínlọ́gọ́ta fara gbún ara wọn, wọ́n sì já sí agbègbè òkè Kátámpè, nítòsí Ḿpàpé. Awakọ̀ kan kú nínú ìjàǹbá náà. Apá kejì ìlú nìyẹn sí Àpò, a kò rí nǹkan kan. Inú rédíò ni a ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni fóònù gbogbo ẹni tó wà nílé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ojú sánmà tí a ń wò látàárọ̀ ọ̀sẹ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Àbúrò wa obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà yẹn, gbójú sókè wò ó títí. Ó ní: "Gbogbo ojú ọ̀run yìí? Ṣé kò tó wọn ni?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá Sójà jókòó sórí àga wọn nídìí máńgòrò, rédíò wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni wọ́n wí pé: "Ojú ọ̀run tó. Ibi tí gbogbo wọn ń lọ ni kò tó."

Ìgbà náà la tó mọ̀ pé Bàbá ti fò láti inú bàálù rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ìgbà èwe ṣe nìyẹn. Wọ́n ní kí a lọ mú agbòòrùn méjì wá. Wọ́n na ọ̀kan sókè, wọ́n ní kí àbúrò wa di èkejì mú lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ páráṣúùtì. Láti ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń kún inú rẹ̀, òun ló sì ń gbé ènìyàn dúró. Bí ẹnì kan bá wá bọ́ sí ọ̀gangan orí ẹlòmíràn, páráṣúùtì ẹni ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bọ̀. Kò ní í ṣẹ́ kù fún ẹni òkè. Aṣọ ẹni òkè á rọ, òun náà á sì já lé ẹni ìsàlẹ̀ lórí bí òkúta. Nítorí náà, wọ́n ní òfin kan wà tí kò sí ẹni tó ń fò tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni ìsàlẹ̀ ló ni ọ̀nà. Ẹni ìsàlẹ̀ kò rí òkè, nítorí pé aṣọ tirẹ̀ ti bò ó lójú. Ẹni òkè ló ń rí i. Ẹni òkè ni kó yà.

Ìyá wa tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá wa gbójú sókè. "Bí ìyá Gbàgyí onígi," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Àbúrò wa bi Bàbá bóyá ẹnì kan ti já lé wọn lórí rí. Ìbéèrè ọmọdé! Bàbá pa rédíò.

"Èmi ni mo já lé ẹlòmíràn," ni wọ́n wí. "Ọ̀rẹ́ mi kan ni, ọmọ Ìdómà. Mo jù ú lọ ní ipò, mo sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Bó bá rí mi, ó ń nàró ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, atẹ́gùn ń gbé wa lọ sí apá ibi tí igi pọ̀ sí, gbogbo wa sì ń wá ojú kan tó mọ́ tí a lè balẹ̀ sí. Ojú kan náà ni èmi àti òun rí. Ó wà lábẹ́ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo rí i. Bí mo bá ní n kò rí i, irọ́ ni. Mo pariwo pé kó yà. Ohùn máa ń já geere lókè yẹn, nítorí pé kò sí ariwo kankan. Ó gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí mo wà, kò sì mọ apá ibi tí òun ó yà sí. Èmi sì wí lọ́kàn mi pé, èmi lọ̀gá, òun ni yóò yà. Ibi tí mo ti ń ro ti ọ̀gá lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ ti tán nínú aṣọ mi."

Bàbá ní orí páráṣúùtì ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì bà lé. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rìn lórí ibùsùn tí wọ́n fi omi kún. A ti kọ́ wọn pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni òkè sáré gba orí aṣọ náà kọjá, kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ tún lè wọ aṣọ tirẹ̀. Wọ́n sáré, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti súnmọ́. Ẹsẹ̀ òsì wọn kán sí ọ̀nà méjì. Ìbàdí ni ti ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀pá ni ó sì ń tẹ̀ láti ọjọ́ náà títí di òní.

Ohun tó dùn wọ́n jù lọ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá bi wọ́n bó ṣe jẹ́, láti orí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ọ̀rẹ́ wọn ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní atẹ́gùn ni. "Ó bá mi purọ́," ni Bàbá wí. "Èmi náà sì dákẹ́. Títí tí mo fi fẹ̀yìntì, mo dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọn kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìtàn yìí ló bá wa dé ibí. Nígbà tí a débí, a wá rí àyè láti ka nípa àwọn tó ń fi fífò ṣe eré ìdárayá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe sójà. Owó ara wọn ni wọ́n ń san kí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù tí kò bàjẹ́. (Ẹ má bi wá ní ìdí rẹ̀.) Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13,000 sókè ni wọ́n ti máa ń bẹ́ jáde. Wọ́n á máa já bọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìsáré wọn sì tó 120 máìlì ní wákàtí kan, kí wọ́n tó ṣí páráṣúùtì. A rò pé ẹ̀rù kí páráṣúùtì má ṣí ni ẹ̀rù tó tóbi jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kú nínú eré yìí ló jẹ́ pé páráṣúùtì wọn ṣí dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ibi ìbalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe àṣìṣe, àwọn mìíràn sì ń forí gbárí pẹ̀lú ẹnìkejì wọn tí páráṣúùtì tirẹ̀ náà dára.

Ìwà ọmọlúàbí ló kún inú òfin wọn. Wọn kì í rọ́ jáde nínú bàálù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó tẹ̀ lé ẹni iwájú á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kí àlàfo lè wà láàárín wọn. Àwọn tó bá di ara wọn lọ́wọ́ mú bí wọ́n ti ń já bọ̀ á ti fohùn ṣọ̀kan nílẹ̀ lórí ibi tí wọn ó ti tú ká. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, oníkálukú á kọ ẹ̀yìn sí àwọn yòókù, á sì fò lọ jìnnà sí wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tí yóò jù wọ́n lójú sánmà, kó tó fa okùn. Ìdí ni pé bí páráṣúùtì bá ti ṣí, ẹni tó ni ín á dẹwọ́ eré lójijì, bí ẹnì kan bá sì wà lókè rẹ̀ tó ṣì ń já bọ̀ ní 120 máìlì, ẹ mọ ohun tó kù. Bí aṣọ bá ṣí tán, kì í kọ́kọ́ wo ibi tó fẹ́ balẹ̀. Àwọn ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí àwọn méjì bá dojú kọ ara wọn, àwọn méjèèjì ni yóò yà sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá ń balẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà ẹni tó kọ́kọ́ balẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò máa ṣe òyì láàárín ìlà. Bí okùn àwọn méjì bá wá lọ́ mọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun àkọ́kọ́. Wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí wọn tó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já aṣọ tirẹ̀ sọnù kí ẹnìkejì tó gbọ́ pé ó fẹ́ já a.

Nígbà tí a ka ti ọwọ́ tí wọ́n ń jù lójú sánmà yẹn, a rẹ́rìn-ín nínú láíbìrì. Àgò ni! Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ilé lè má ka àgò sí nǹkan kan. Àwa tí wọ́n tọ́ sí Àpò, ìgbà tí a lọ kí ìyá ìyá wa ní Ìkirè ni a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn ilé pé "Àgò o!", ìyá àgbà sì dáhùn láti inú yàrá pé "Àgò yà!" A rò pé orúkọ ènìyàn ni Àgò. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ ló ń jẹ́ kí onílé mọ̀, kó má baà bá wọn ní ìhòòhò, kó má sì kọ lu ẹni tó ń jáde bọ̀. Wọ́n ní àwọn alárù náà ń ké e lọ́jà. A wá rántí àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke lọ́jà ní Àbújá, tí wọ́n ń pariwo "Gafara! Gafara!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa Yorùbá ń lò nígbà tí a bá ní ẹnì kan tọrọ gáfárà. A ti gbọ́ gafara láti kékeré, a kò mọ̀ pé àgò ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí òwe olùkọ́ wa. Ní ọdún kejì wa níhìn-ín, a bá ọ̀rẹ́ wa kan lọ sí ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ wa lọ sí Èjìnrìn, ó fi ọ̀sà hàn wá, ibi tí ọjà ńlá Èjìnrìn wà láyé àtijọ́ tí àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún wa nípa ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 727 ti ADC ń bọ̀ láti Port Harcourt, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Ọkọ̀ mìíràn ń gòkè bọ̀ láti Èkó. Ọ̀nà wọn fẹ́ pàdé. Nígbà tí awakọ̀ ADC mọ̀, ó fi agbára yí ọkọ̀ rẹ̀ láti yà fún èkejì. Ó yí i jù, ọkọ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó já sí Èjìnrìn. Ènìyàn 144 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Kò sí ẹni tó yè. Ọkọ̀ kejì gúnlẹ̀ láìsí ewu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ọkọ̀ méjèèjì kò kan ara wọn rárá. Láìfara kan ara wọn náà ni ènìyàn 144 ṣe kú. Ọ̀sà dákẹ́ níwájú wa, ẹnì kan ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n pẹja lọ́ọ̀ọ́kán, a sì ń ronú pé yíyà tó pẹ́ jù lè pani bí àìyà rárá. Bàbá Sójà náà yà. Wọ́n sáré lórí aṣọ ọ̀rẹ́ wọn bí ẹni tí iná ń lé. Wọ́n pẹ́ ni.

Kíkánjú yà nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀ o. Ẹ ti pàdé ẹni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́nà tóóró hóstẹ́ẹ̀lì rí, àbí? Ẹ yà sọ́tùn-ún, òun náà yà síbẹ̀. Ẹ yà sósì, ó tún yà síbẹ̀. Omi á dà, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2002, ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè Überlingen ní Jámánì nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ òfuurufú méjì ń bọ̀ wá pàdé, ọ̀kan nínú wọn kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Rọ́ṣíà tó ń lọ lo ìsinmi. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ méjèèjì tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀. Ẹ̀rọ ní kí ọkọ̀ àwọn ọmọ náà gòkè, kí èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ti ní kí ọkọ̀ àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ ti ènìyàn, àwọn wọ̀nyẹn gbọ́ ti ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Ènìyàn 71 ló kú. Kò sí ẹni tó ṣàìgbọràn nínú wọn. Kálukú ló yà fún ẹnìkejì, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n tẹ̀ lé kì í ṣe ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú wá là á mọ́lẹ̀ pé ti ẹ̀rọ ni kí awakọ̀ gbọ́.

Ìdí nìyí tí a fi kọ ohun tí a kọ sínú ìwé ìdánwò wa. Ẹyẹ lè fò láìfara kan ara wọn nítorí pé ẹyẹ kò ní pápá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fẹ́ balẹ̀ sí. (Ẹni tó bá ti rí àwọn ẹyẹ oko lórí ìrẹsì lè bá wa jiyàn, a ó gbọ́ ọ.) Ti ọmọ ènìyàn yàtọ̀. Bí ojú ọ̀run ṣe fẹ̀ tó, gbogbo bàálù tó ń lọ sí Èkó, Èkó kan náà ni wọ́n ń lọ. Gbogbo ẹni tó bá fò, ojú kan tó mọ́ ni yóò máa wá.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní sáà tó kọjá, ẹnì kan nínú yín, tí a kò ní í dárúkọ rẹ̀, dìde. Ó ní àwa "Yorùbá Àbújá" ti tún gbé tiwa dé. Ó ní nílẹ̀ Yorùbá, ọmọdé ló ń yà fún àgbà, kì í ṣe àgbà ló ń yà fún ọmọdé, pé àṣà òyìnbó ni ẹni òkè tó ń yà fún ẹni ìsàlẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ojú tì wá díẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni pé a máa ń dọ̀bálẹ̀ jù nígbà tí a kọ́kọ́ débí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a kò mọ àṣà.

Ṣùgbọ́n a kò gbà. Ní Ìkirè kan náà, a rí ìyá àgbà wa, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tí wọ́n bọ́ sínú koríko ẹ̀bá ọ̀nà fún ọmọdébìnrin kan tó ru ìkòkò omi. Ọmọ náà fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá àgbà lọgun mọ́ ọn pé: "Máa lọ, omi á dà!" Wọn kò sọ ọ́ di ìtàn nígbà tí a délé. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá àgbà ló ń yà fún ọmọdé, wọ́n á ní rárá. Ẹlẹ́rù ni wọ́n yà fún. Àwọn tó rí ọ̀nà yà fún ẹni tí kò lè rí i. Ọ̀wọ̀ tí ọmọ ń bù fún wọn wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí Bàbá Sójà gbàgbé fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lókè nìyẹn, wọ́n sì ti ń san gbèsè rẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Ẹnì kan béèrè lẹ́yìn ìpàdé pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ Bàbá náà. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n títí di ìsinmi ọdún tó kọjá. A wà nílé ní Àpò nígbà tí kẹ̀kẹ́ NAPEP kan dúró lẹ́nu géètì, àgbàlagbà kan sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Ó béèrè Bàbá Sójà lọ́wọ́ wa, ó fi Hausa béèrè. Kí a tó lọ pè wọ́n, wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìró bàtà wọn ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó yá ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Géètì kékeré ilé wa kò gbà ju ẹnì kan lọ. Bàbá dé ibẹ̀ láti inú, àlejò dé ibẹ̀ láti òde, àwọn méjèèjì sì dúró. Àlejò gbìyànjú láti nàró lórí ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Ó fi orí kan, ó ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ kọjá. Bàbá mi orí. Ó tún wí. Bàbá tún mi orí. Ilẹ̀ ẹnu géètì wa dagun, àgbàrá ti wọ́ ti òde lọ, ó lọ sílẹ̀ ju ti inú tó ìwọ̀n ọwọ́ méjì. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹsẹ̀ àlejò, wọ́n tún tọ́ka sí ẹsẹ̀ tiwọn.

"Ìwọ lo wà nísàlẹ̀," ni wọ́n wí.

Àlejò wo ilẹ̀. Ó wo Bàbá títí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, Bàbá sún sẹ́yìn, ó sì wọlé. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè lóde, nítorí pé kò sí ẹni tó rántí san owó rẹ̀.